Ọjọ́ Tí A Lọ Wo Kétu

Ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ẹ tún rọra kà á nínú ìwé yìí. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ máa fi ìka tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó ń lé wa.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ sọ. Àwa márùn-ún la jọ lọ láti Ṣábẹ̀ẹ́ níhìn-ín: Ìyá Alákàrà, Ìyá Onígàrí, Bàbá Aránṣọ, Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀, àti èmi. Àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ ń kọ́ ìwé ní kíláàsì wa. Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀ kì í wá sí kíláàsì. Òun ló ni ọkọ̀. Fọ̀n ni, ará Àbómẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́ débi pé ó ń sọ èdè wa bí onílé. A dá owó epo jọ, a di ẹ̀kọ àti àkàrà, a sì gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́.

Kí ló dé tí a fi yan Kétu? Àwọn àgbà máa ń sọ pé ìdílé Odùduwà kan náà ni Alákétu àti ọba Ṣábẹ̀ẹ́ ti wá. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìyá Onígàrí ní, “Ṣé mo wá ní mọ̀lẹ́bí tí n kò dé ilé wọn rí?” Bí a ṣe pinnu nìyẹn.

A kọ́kọ́ lọ sí Akaba Ìdena, ẹnubodè àtijọ́ ti Kétu. Láyé ijọ́un, odi amọ̀ yí ìlú náà ká, yàrà sì yí odi náà ká. Ẹnubodè yìí kì í ṣe ilẹ̀kùn lásán. Ilé ni wọ́n kọ́ sójú ọ̀nà, tó ní òrùlé. Mo kọ orúkọ náà sórí iyẹ̀pẹ̀, Ìyá Alákàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí kà á: Ì-de-na. Ó dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó pariwo pé, “Ohun tó ń dènà ni!” Àwọn ọmọdé tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbàlagbà kan ló sọ ìtàn ibẹ̀ fún wa. Ó ní Ọba Èdé ló tẹ ìlú náà dó. Ó ní nígbà tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ dó, wọ́n fi abuké kan rúbọ. Bí ẹnikẹ́ni kò ti lè tú iké ẹ̀yìn abuké, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní lè tú ìlú náà. Mo sọ fún bàbá pé ìtàn yìí kò dùn mọ́ mi. Ó ní, “Ta ló sọ pé ìtàn gbọ́dọ̀ dùn?”

Síbẹ̀, ìlú náà tú. Ní ayé Gelele, ọba Dàhòmì, ni. Àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti kọ́kọ́ wá jó Kétu ní 1883. Wọ́n tún padà wá, wọ́n dó ti ìlú náà, wọ́n sì fọ́ ọ ní 1886. Ẹni tó kú kú. Wọ́n de àwọn tó kù, wọ́n kó wọn lọ sí Àbómẹ̀. Igbó bo ilé. Ìgbà tí àwọn Faransé gba Àbómẹ̀ ní 1892 ni ọ̀nà tó ṣí fún àwọn ẹrú láti máa padà bọ̀. Ní 1894, Kétu tún ní ọba.

Àwa ará Ṣábẹ̀ẹ́ mọ ogun Dàhòmì. Orí òkè wa ni àwọn bàbá wa sá sí. Nítorí náà, nígbà tí bàbá dárúkọ Àbómẹ̀, gbogbo wa wo Ẹ̀gbọ́n Awakọ̀. Kò yẹ kí a wò ó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n a wò ó.

Ó bọ́ fìlà rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìbéèrè. Kétu ni wọ́n ti mú ìyá ìyá bàbá mi. Ọmọdé ni wọ́n nígbà náà. Ẹnikẹ́ni nílé wa kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Nàgó la máa ń pè wọ́n.”

Láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ ọ́ rí.

Bàbá bi í ní oríkì orílẹ̀ wọn. Kò mọ̀ ọ́n. Ó bi í bóyá wọ́n kọlà. Ó ní bàbá òun kò sọ. Bàbá ní, “Kí ni wọ́n kì í jẹ?” Ẹ̀gbọ́n ronú títí. Ó ní, “Òkété. Títí di òní, a kì í jẹ ẹ́ nílé wa. A ò mọ ìdí rẹ̀.”

Bàbá mi orí. Ó ní ilé tí kì í jẹ òkété lè ju ẹyọ kan lọ, òun yóò wádìí. Ó ní kí á padà wá. Ó ní kí wọ́n bu omi fún un mu, ó sì sọ pé, “Ọmọ wa ni ọ́, ilé tó bí ọ ló kù.”

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ronú sí èyí. Àwọn ọmọ Kétu mìíràn wà tí wọ́n tà sí òkè òkun, sí Bùràsíìlì. Ní Bàhíà títí di òní, àwọn ilé òrìṣà kan ṣì ń pe ara wọn ní Kétu. Orúkọ ìlú la òkun kọjá. Orúkọ ọmọdé kan kò dé Àbómẹ̀ tó wà nítòsí.

Lẹ́yìn náà a dé iwájú ààfin. A rí ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn ìyá wa sí, tí àjọ UNESCO bu ọlá fún ní 2001. Bàbá Aránṣọ wo aṣọ ẹ̀yẹ àwọn ará ibẹ̀, ó ní rírán rẹ̀ kò dára tó tòun. A jẹun, a sì pa dà.

Nínú ọkọ̀, Ìyá Alákàrà mú ìwé rẹ̀ jáde. Ó ní kí Ẹ̀gbọ́n tún gbogbo rẹ̀ sọ, òun ó kọ ọ́. Ọkọ̀ ń mì, lẹ́tà ń wọ́. Ìlà mẹ́rin ló kọ: Kétu. Ọmọdé. 1886. Òkété. Kò fi àmì sí èyí tó kẹ́yìn, n kò sì bá a tún un ṣe.

Nígbà tí a dé Ṣábẹ̀ẹ́, Ẹ̀gbọ́n ní kí ó ya ojú ewé náà fún òun. Ìyá Alákàrà kọ̀. Ó ní òun kì í ya ìwé òun, bí ó bá fẹ́, kí ó wá dà á kọ ní kíláàsì.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, ó dé. Ó mú bírò tirẹ̀ dání.