Níbo Ni O Ti Rí I? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìwádìí Àwọn Ayé Tí Ń Yí Oòrùn Ká

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lè dà bí ọ̀rọ̀ ọmọdé létí àwọn mìíràn, nítorí pé iṣẹ́ àṣetiléwá àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdírì kékeré ni. Olùkọ́ a máa ní kí ọmọ lọ ṣe ìwádìí àwọn ayé tí ń yí oòrùn ká, èyí tí àwọn ọmọ ń pè ní pílánẹ́ẹ̀tì, kí ó kọ ohun tí ó bá rí sílẹ̀, kí ó sì sọ ibi tí ó ti rí i. Apá kìíní ni gbogbo wọn ń sáré sí. Apá kejì ni wọ́n ń fò dá, àwa òbí pẹ̀lú kì í sì í bi wọ́n léèrè.

Àwa ará Yewa, tí ààlà ilẹ̀ Benin kò jìnnà sí, kò yẹ kí ó ṣòro fún wa láti mọ ìdí apá kejì yìí. Ẹni tí ó bá gbé ẹrù kọjá lójú ọ̀nà wa mọ̀ pé aṣọ́bodè yóò bèèrè pé, níbo ni o ti gbé e, ìwé rẹ̀ dà? Bákan náà ni nígbà tí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé iwájú ẹ̀yin ìjòyè. Ẹlẹ́rìí a sọ̀rọ̀ títí, ẹ ó sì dá a dúró, ẹ ó ní, ṣé ojú rẹ ni ó ṣe, tàbí wọ́n sọ fún ọ? Bí wọ́n bá sọ fún un, ta ni ó sọ ọ́, níbo ni ẹni náà sì ti gbọ́? Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀ sí èyí, ẹ̀yin kì í gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́, bí ó ti wù kí ó dùn tó.

Àwọn kan a máa wí pé àṣà òyìnbó ni kí a máa dárúkọ ẹni tí a ti gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Bí babaláwo bá ń kì ẹsẹ Ifá, orúkọ àwọn awo tí ó dá Ifá náà ni ó kọ́kọ́ ń pè, àti orúkọ ẹni tí wọ́n dá a fún, kí ó tó dé orí ìtàn fúnra rẹ̀. Ọmọdé tí ó bá pa òwe níwájú àgbà a ní kí ó ṣe bí òwe o, kí ó má baà dà bí ẹni pé òun ni ó ni ọgbọ́n náà. Nígbà tí Àlùfáà Samuel Johnson ti Ọ̀yọ́ sì kọ ìwé ìtàn Yorùbá, tí ó parí rẹ̀ ní 1897, ó dárúkọ àwọn tí ó bi léèrè: Lagunju tí í ṣe Tìmì Ẹdẹ, Josiah Oni, David Kukomi ti Ìbàdàn. Ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ kí ó tẹ̀ ẹ́. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ni ó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921. Johnson ti kú láti 1901, síbẹ̀ títí di òní a mọ ẹnu ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá.

Ní ti àwọn pílánẹ́ẹ̀tì, ohun méjì ni ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí le ju bí a ti rò lọ. Èkíní ni pé ohun tí ọgbọ́n orí wí kì í ṣe òtítọ́ nígbà gbogbo. Ọmọ tí ó bá mọ̀ pé Mercury ni ó sún mọ́ oòrùn jù lọ yóò kọ ọ́ láìbèèrè pé òun náà ni ó gbóná jù lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Venus, tí í ṣe èkejì, ni ó gbóná jù, nítorí afẹ́fẹ́ rẹ̀ nípọn, ó sì bò ó mọ́lẹ̀ bí ìkòkò tí a dé lórí iná. Ooru ilẹ̀ rẹ̀ tó ìwọ̀n 465 ti Celsius, lọ́sàn-án àti lóru. Ní Mercury ẹ̀wẹ̀, òtútù líle ń mú lóru. Ọmọ tí ó bá wo ìwé méjì kì yóò ṣi èyí kọ.

Èkejì ni pé ìmọ̀ yìí ń yí padà, ìwé sì ń gbó. Ní 1930 ni Clyde Tombaugh rí Pluto ní Amẹ́ríkà, a sì kà á sí ìkẹsàn-án títí di ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹjọ ọdún 2006, nígbà tí àpéjọ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé ní ìlú Prague pinnu pé kò tún sí lára wọn mọ́. Mẹ́jọ ni ó kù. Ṣùgbọ́n àwọn ìwé tí ó wí pé mẹ́sàn-án ṣì wà nínú àpótí wa, kò sì sí irọ́ nínú wọn nígbà tí a tẹ̀ wọ́n. Ẹ tún wo Saturn: ní 2023 ìwé tí ó wí pé òṣùpá rẹ̀ jẹ́ 146 tọ̀nà, ní oṣù kẹta 2025 a fi 128 kún un lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó di 274. Bí ọmọ méjì bá wá kọ iye tí kò bára mu, báwo ni olùkọ́ yóò ṣe mọ ẹni tí ó jẹ̀bi, bí kò bá sí ọdún ìwé níbẹ̀? Nítorí náà ni a fi ń wí pé kí ọmọ kọ orúkọ ẹni tí ó kọ ìwé, orúkọ ìwé, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ àti ojú ewé. Bí ó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì ni, kí ó kọ ẹni tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà síbẹ̀ àti ọjọ́ tí òun kà á. Àwọn ìbátan wa tí ó wà ní Pọ̀bẹ́ ń fi èdè Faransé kọ́ ẹ̀kọ́ kan náà. Bí ìwé tiwọn àti tiwa bá fohùn ṣọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ohun tí ń bà wá lẹ́rù jù lọ ni fóònù. Ọmọ yóò da ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ láti òkè dé ilẹ̀, yóò sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i. Ẹ̀yin ìjòyè mọ orúkọ tí à ń pe ẹni tí ó bá kórè oko olóko. Nísinsìnyí ẹ̀rọ wà tí ń fèsì bí ènìyàn, tí í máa dárúkọ ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kọ rí. Ọmọ tí kò bá ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Ojú ọmọ fúnra rẹ̀ sì jẹ́ orísun pẹ̀lú. Nígbà tí Galileo rí òṣùpá mẹ́rin lára Jupiter ní oṣù kìíní 1610, alaalẹ́ ni ó ń kọ ọjọ́ àti bí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ọmọ Ìdógò lè dúró ní àgbàlá baba rẹ̀ kí ó wo Àgùàlà, kí ó sì kọ ọjọ́ àti wákàtí. Àgùàlà yìí ni Venus. Àwọn baba wa ti wí pé ó ń bá oṣù rìn, àwọn ènìyàn ṣe bí ajá oṣù ni, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ajá oṣù. Ẹ kíyè sí i: òṣùpá jìnnà sí wa tó 240,000 máìlì, ṣùgbọ́n nígbà tí Àgùàlà bá sún mọ́ wa jù lọ, nǹkan bí ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ìyẹn ni. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pa òwe náà kò ní awò, síbẹ̀ ó ti mọ̀ pé ìrìn àwọn méjèèjì kò papọ̀. A kò mọ orúkọ rẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá wà nínú yín tí ó mọ orúkọ mìíràn tí àwọn àgbà ń pe àwọn ìràwọ̀ tí ń rìn ní ilẹ̀ Yewa, yálà ní Ìlaròó, Ayétòrò tàbí níhìn-ín, kí ó fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa, kí ó sì kọ orúkọ ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, ìlú ẹni náà, àti ọjọ́ tí wọ́n jùmọ̀ sọ ọ́.