Kí Ẹ Tó Gbé Kéèkì Lọ sí Ilé Ọmọ Òrukàn

 

Ọ̀rọ̀ ilé àwọn ọmọ òrukàn la fẹ́ sọ, èyí tí ọ̀pọ̀ wa kàn ń pè ní "motherless". Ìdí tí mo fi mú un ni pé lóṣù tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn ọ̀rẹ́ mi ló ṣe ọjọ́ ìbí wọn níbẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: kéèkì, páálí Indomie, àpò ìrẹsì, pampers, gbogbo ọ̀rẹ́ nínú tíṣáàtì kan náà, fọ́tò pẹ̀lú àwọn ọmọ, ó ti dé orí Instagram kí ilẹ̀ tó ṣú. Mi ò bú ẹnikẹ́ni o. Wọ́n ń jẹ Indomie yẹn, wọ́n ń lo pampers yẹn, mo fojú ara mi rí i. Ohun tó ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi ni pé, nínú gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé yẹn láti January dé December, èwo gan-an ló ń mú kí ọmọ tí kò ní bàbá, tí kò ní ìyá, tí kò ní kọ́bọ̀, dìde kó sì di èèyàn lọ́la?

Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti ń lọ kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò nínú ọ̀kan nínú àwọn ilé yìí ní Èkó, Sátidé méjì lóṣù. Mi ò ní dárúkọ ilé náà, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ tó bá yá.

Lọ́dún àkọ́kọ́, mo bi màmá tó ń ṣàkóso ibẹ̀ pé, "Mummy, kí lẹ nílò jù?" Ọkàn mi ti lọ sórí oúnjẹ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, ìrẹsì ń bẹ. Tó bá ti di December, ìrẹsì máa ń pọ̀ débi pé kòkòrò ń bá wa jẹ ẹ́. Owó oṣù àwọn tó ń tọ́jú ọmọ ni mò ń wá. Kò sẹ́ni tó ń fi owó oṣù ṣe birthday."

Ó wá ṣàlàyé fún mi. Owó tí àwọn ọ̀dọ́bìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń gbà kéré, nítorí náà wọn kì í pẹ́. Ẹni tó ti ń gbé ọmọ ọwọ́ kan láti bí oṣù mẹ́ta, tí ọmọ náà ti mọ òórùn ara rẹ̀, á rí iṣẹ́ míì, á lọ. Ọmọ á sunkún fún ọjọ́ mẹ́ta, mẹ́rin. Ẹlòmíì á dé, òun náà á lọ. Tó bá fi máa di ti ẹnì kẹta, ọmọ ò ní sunkún mọ́. Màmá ní, "Àlejò á wọlé, á ní ọmọ yìí mà jẹ́jẹ́ o. Kì í ṣe jẹ́jẹ́. Ó ti gbà pé kò sẹ́ni tó máa dúró ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n sùn. Mo gbé fóònù mi, mo lọ sórí Google, ibẹ̀ ni mo ti bá ìwádìí kan pàdé tí wọ́n ṣe ní Romania. Nígbà ìjọba Ceaușescu, tó wó lulẹ̀ ní 1989, àwọn ọmọ tí wọ́n kó sínú ilé ìjọba lórílẹ̀-èdè yẹn pọ̀ lọ súà: bẹ́ẹ̀dì tò lọ bẹẹrẹ, àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ara wọn ní ṣíìfù. Láti nǹkan bí 2001, àwọn onímọ̀ mẹ́ta láti Amẹ́ríkà, Charles Nelson, Nathan Fox àti Charles Zeanah, tẹ̀ lé ọmọ 136 láti irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Bucharest. Wọ́n fi ìdajì sọ́dọ̀ àwọn ìdílé tó gbà láti tọ́ wọn. Ìdajì tó kù ń bá ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, ọpọlọ àwọn tó lọ sọ́dọ̀ ìdílé jí pépé ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, ọkàn wọn sì balẹ̀ jù, pàápàá àwọn tó kúrò níbẹ̀ kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méjì.

Àwa náà lówe tiwa, pé ẹnì kan ló ń bímọ, igba èèyàn ló ń tọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igba èèyàn yẹn, ọmọ tó ti ní ẹni tirẹ̀ ni wọ́n ń bá a tọ́. Ọmọ tí igba èèyàn ń gbé, tí kò sí ọ̀kan tó máa padà wá lọ́la, ẹ má pè é ní ọmọ gbogbo ayé o. Ọmọ tí kò lẹ́nì kankan ni.

Ọ̀kan nínú àwọn ibi tí wọ́n ti gbìyànjú láti yanjú èyí wà nítòsí wa, ní Isolo. SOS Children's Village ti wà níbẹ̀ láti 1973. Ìlú Imst ní Austria ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, ní 1949, lẹ́yìn ogun. Dípò yàrá ńlá kan tí wọ́n to bẹ́ẹ̀dì sí, ilé kéékèèké ni, obìnrin kan ni ìyá ilé kọ̀ọ̀kan, òun àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi sọ́dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò, wọn kì í fẹ́ yà wọ́n. Mo fẹ́ràn ọgbọ́n yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n kí n má tàn yín: ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jáde sí gbangba, ó tọrọ àforíjì pé ìyà ti jẹ àwọn ọmọ kan lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀ ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Nítorí náà orúkọ ńlá kò tó. Ta ló ń ṣọ́ ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ? Ilé tó bá ń bínú sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, èmi á gbé kéèkì mi padà.

Ẹ jẹ́ n bọ́ sórí ìwé. Ìwé tí mò ń wí yìí kì í ṣe ti kíkà.

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì mi, ìṣirò rẹ̀ mú bí abẹ. Inú ọjà ni wọ́n ti rí i nígbà tó kéré, kò lè sọ orúkọ bàbá rẹ̀. Dókítà ló wò ó láti fojú bu ọjọ́ orí rẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ ilé náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ bí ọjọ́ ìbí. Láti 2021, ẹni tí kò bá ní NIN kò lè forúkọ sílẹ̀ fún JAMB. Ẹni tó fẹ́ gba NIN, wọ́n á ní kó mú ìwé wá. Ìwé náà ń béèrè bàbá, ó ń béèrè ìyá, ó ń béèrè ìlú. Màmá lọ sí ọ́fíìsì wẹ́fíà, ó lọ sí kọ́ọ̀tù, wọ́n ní kó lọ kó bọ̀, ó lọ, ó bọ̀. Ó gba oṣù mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tí nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn jáde, ọmọ náà kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ó sì ti há a sórí kó tó di alẹ́. Kò sẹ́ni tó ya fọ́tò lọ́jọ́ yẹn. Ẹ wò ó, àwa ń gbé ọjọ́ ìbí wa lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó jẹ́ pé fọ́ọ̀mù ló bá a yan tiẹ̀.

Ohun míì tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ yìí ṣì ní ẹbí. UNICEF pàápàá, ọmọ tó pàdánù òbí kan ṣoṣo wà nínú àwọn tí wọ́n ń kà sí ọmọ òrukàn. Orúkọ "motherless" fúnra rẹ̀ ti sọ ìtàn náà: ìyá ló kú, bàbá lè wà láàyè. Láàárín 1920 sí 1930 ni Ruth Kersey, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà láti ìjọ Onítẹ̀bọmi, dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Orúkọ rẹ̀ ló ṣì wà lára ilé náà. Nígbà yẹn, bí ìyá bá kú lórí ìkúnlẹ̀, ibi tí ọmọ ti máa rí ọmú mu ni ìṣòro àkọ́kọ́.

Ṣé ọ̀rọ̀ ti yí padà? Kọ̀ndọ́kítọ̀ kan gbé ọmọ oṣù kan wá sí ilé tí mò ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, kò sì lè máa ra mílíìkì inú agolo. Ó ń sunkún, ó ń ní kí wọ́n gbà á tọ́. Màmá ò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe ìyá bàbá ọmọ láti Ìsẹ́yìn, ilé sì ń ra mílíìkì fún wọn lóṣooṣù títí ọmọ fi ń jẹ ògì. Ọmọ náà ti ń sáré kiri ní Ìsẹ́yìn báyìí. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú rẹ́jísítà ilé náà, kò sí níbi tí àlejò ti lè bá a ya fọ́tò, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ni iṣẹ́ tó dáa jù tí mo rí kí ilé náà ṣe. Ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé gbé jáde ní 2009 sọ ọ́ kedere pé ìṣẹ́ nìkan ò gbọ́dọ̀ jẹ́ ìdí láti gba ọmọ lọ́wọ́ òbí rẹ̀.

Àwọn tí kò ní ẹbí kankan ńkọ́? Ọdún kejìdínlógún ni ìdánwò tiwọn. Òfin ní o ti dàgbà, bẹ́ẹ̀dì rẹ di ti ẹlòmíì. Ọmọbìnrin kan kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní ilé yẹn, ó fẹ́ gba yàrá kan ní Ikorodu, lándílọ́ọ̀dù ní kó mú onídùúró wá. Ta ni á mú? Màmá yìí náà ló wọ kẹ̀kẹ́ lọ, ó fọwọ́ síwèé. Títí di òní, tí máṣíìnì rẹ̀ bá bàjẹ́, tí ọkùnrin bá fẹ́ fẹ́ ẹ, Màmá ló ń pè. Ó sọ fún mi pé, "Bọ́rẹ̀dì tí wọ́n fún wa, mo ti gbàgbé. Pé mo lè pè kí wọ́n gbé e, ìyẹn ni mo ní."

Ẹ wá rí ìdí tí mi ò fi dárúkọ ilé náà. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 fún ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí tirẹ̀. Ọmọ ọdún méje tó gbé páálí Indomie dání nínú fọ́tò yín, lọ́dún mẹ́wàá sí i, àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ á rí i. Ẹ lè ya kéèkì. Ẹ lè ya ara yín lẹ́nu géètì. Ẹ fi ojú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀.

Tí ẹ bá sì fẹ́ lọ, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n. Ẹ béèrè bóyá ìjọba ìpínlẹ̀ mọ̀ wọ́n. Ẹ béèrè ohun tó ń wọ́n wọn gan-an. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mẹ́wàá tí ẹ máa ń dáwó fún tíṣáàtì, ẹ lè jọ máa san owó oṣù òṣìṣẹ́ kan ṣoṣo fún ọdún kan kó má bàa lọ. Kò ní ṣeé gbé sórí státọ́ọ̀sì dáadáa, mo mọ̀.

Ọmọkùnrin oníṣirò mi yẹn ti forúkọ sílẹ̀ fún JAMB báyìí, ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ló fẹ́ kà, fóònù olójú wẹ́wẹ́ tó fọ́ ló fi ń ka ìwé. Ẹni tó bá ní láptọ́ọ̀pù tó ti lò, tó ṣì ń ṣiṣẹ́, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ètò yìí.