Akọ Màlúù Tí Kò Yẹ Ní Títà

Ilẹ̀ gbígbẹ ni gúúsù Texas ní Amẹ́ríkà. Oòrùn ibẹ̀ mú, eégbọn pọ̀, ọ̀dá a sì máa dá léraléra. Etí odò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Santa Gertrudis ni Richard King ti bẹ̀rẹ̀ oko màlúù tó di King Ranch ní ọdún 1853. Màlúù oníwo gígùn tó bá níbẹ̀ lágbára ìrìn, òùngbẹ kì í tètè dá a dúbúlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹran ara rẹ̀ kò tó nǹkan. Nígbà tí wọ́n kó Shorthorn àti Hereford wọlé, tí ìran wọn ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, ẹran dé lóòótọ́, àmọ́ ooru kò jẹ́ kí wọ́n jẹko yó.

Robert Kleberg, ọmọ-ọmọ King, yíjú sí Brahman, màlúù oníké tí ìran rẹ̀ ti Íńdíà wá, tí ooru àti eégbọn kò rí gbé ṣe. Ní 1918, oko náà ra akọ 52 tí ẹ̀jẹ̀ Brahman pọ̀ lára wọn, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gun abo Shorthorn. Ní 1920 ni wọ́n bí akọ pupa kan tí eré rẹ̀ pọ̀ débi pé wọ́n sọ ọ́ ní Monkey.

Monkey dùn ún wò, ṣùgbọ́n ẹwà kọ́ ló sọ ọ́ di baba ìran. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i: wọ́n pupa bíi tirẹ̀, wọ́n ki, wọ́n sì ń sanra lórí koríko lásán. Kleberg ń mú àwọn ọmọ náà gun ìbátan wọn kí ẹ̀jẹ̀ yẹn lè fìdí múlẹ̀, èyí tí kò bá dára ń kúrò nínú agbo. Ewu wà nínú irú ìgùn bẹ́ẹ̀, nítorí àbùkù tó fara sin a máa jáde; ẹni tí agbo rẹ̀ kéré kò gbọdọ̀ dán an wò. Monkey kú ní 1932, lẹ́yìn tó ti bí akọ tó wúlò tó lé ní 150. Ní 1940, ìjọba Amẹ́ríkà gbà pé ìran tuntun ni màlúù yìí, tí wọ́n fi orúkọ odò náà pè ní Santa Gertrudis: bí a bá pín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ́nà 8, 5 jẹ́ ti Shorthorn, 3 jẹ́ ti Brahman.

Lóde òní, ìwé àti òṣùwọ̀n ló ń ṣe iṣẹ́ tí ojú ń ṣe nígbà náà. Wọ́n á wọn ọmọ màlúù lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, wọ́n á fi nọ́ńbà sí i létí. Bí ó bá tó nǹkan bí oṣù méje, wọ́n á já a lẹ́nu ọmú, wọ́n á tún un wọ̀n, wọ́n á sì ṣírò ìwọ̀n náà sí ti ọjọ́ 205, kí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ bí má baà rẹ́ àbúrò jẹ. Wọ́n á tún wo ọjọ́ orí ìyá, nítorí wàrà abo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí kì í pọ̀ tó ti àgbà. Ní ti akọ, wọ́n á fi téèpù wọn àpò ẹpọ̀n rẹ̀ yíká; akọ olóṣù 15 tí tirẹ̀ kò bá tó sẹ̀ǹtímítà 30 kò ní bá abo dé pápá.

Òfin abo le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 283 ni oyún màlúù. Bí abo bá máa bímọ lọ́dọọdún, kò ní ju nǹkan bí ọjọ́ 80 lọ lẹ́yìn ìbímọ láti tún lóyún. Nígbà tí àsìkò ìgùn bá parí, dókítà ẹran á wọ ìbọ̀wọ́ tó dé èjìká, á ti ọwọ́ bọ ìdí abo, á sì yẹ ilé ọmọ wò. Èyí tó bá ṣófo, wọ́n á tà á.

Nílẹ̀ wa, eṣinṣin tsetse ló ń ṣe adájọ́. Màlúù N'Dama, tí ìran rẹ̀ ti òkè Fouta Djallon ní Guinea wá, kúrú, àmọ́ ó ń fara da àìsàn tí eṣinṣin náà ń gbìn sí ẹran lára. Ìdí nìyí tí ìjọba fi sìn ín ní Fáṣọlá lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Màlúù funfun àwọn Fúlàní ga jù ú lọ, ó sì wúwo jù ú, ṣùgbọ́n nínú igbó eṣinṣin, àìsàn náà tètè ń wọ̀ ọ́ lára.

Nígbà tí Iléyá bá sì dé, akọ tó yára dàgbà jù lọ ni àwọn olówó ń nawọ́ sí, òun la sì ń tà. Àwọn tí kò rí ẹni rà wọ́n ló ń ṣẹ́kù láti gun abo. Bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn màlúù inú agbo á máa kéré sí i lára níṣojú wa. Ẹ̀yin tó ní oko màlúù, kí Iléyá tó ń bọ̀ yìí tó dé, ẹ mú akọ méjì tó dára jù sọ́tọ̀, ẹ kọ nọ́ńbà wọn sínú ìwé, ẹ má sì jẹ́ kí owó ẹnikẹ́ni yọ wọ́n lọ́wọ́ yín.