Ọkọ́ Di Ọkọ: Ọ̀rọ̀ Lórí Bọ́tìnnì Kọ̀ǹpútà àti Àmì Èdè Wa

Iṣẹ́ ìròyìn ni ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ bọ́tìnnì kọ̀ǹpútà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tó ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa tó jáde gbẹ̀yìn kò rẹ́rìn-ín, torí wọ́n mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Nínú ìwé náà ni mo ti kọ ọ̀rọ̀ ìrántí Màmá tó kọ́ wa ní iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ rántí pé nígbà tí Màmá fẹ̀yìn tì, wọn kò kó irinṣẹ́ wọn lọ sílé. Mo fi bírò kọ ọ́ pé: "Màmá fi ọkọ́ wọn sílẹ̀ nítorí ilé ẹ̀kọ́ wa." Ohun tó jáde nínú ìwé ni: "Mama fi oko won sile nitori ile eko wa." Kò sí àmì kan ṣoṣo lórí rẹ̀. Ẹni tó mọ Màmá á mọ̀ pé ọkọ́ tí a fi ń kọ ebè ni. Ẹni tí kò mọ̀ wọ́n á kà á pé obìnrin kan kọ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lè rò pé nítorí ilé tí wọ́n ti ń ta ẹ̀kọ ni.

Bàbá, ọkọ Màmá, ṣì wà láyé. Ọmọ wọn obìnrin ló pè mí. Kò bú mi. Ó kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ni kí n sọ fún Bàbá?" N kò rí èsì fọ̀.

Ẹ̀bi tèmi ni, nítorí n kò ka ìwé náà kí ó tó wọlé ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ bí àmì ṣe sọnù, ni mo bá wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọbìnrin tó tẹ̀ ẹ́ kò jiyàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo kíbọ́ọ̀dù mi. Níbo ni ẹ wà níbẹ̀?" Ó wá fi bó ṣe ń rí hàn mí: kó fi mouse ṣí àpótí àwọn àmì, kó wá ẹ láàárín ọgọ́rọ̀ọ̀rún àmì, kó tẹ̀ ẹ́, kó padà síbi ọ̀rọ̀, kó tún ṣí àpótí náà nítorí ọ. Ọ̀rọ̀ kan péré, "ẹ̀kọ́", ti gbà á tó ìṣẹ́jú kan. Ojú ìwé méjìlélọ́gbọ̀n la gbé fún un, owó tí a san kò sì ju ti Gẹ̀ẹ́sì lọ.

Ohun tó wá dùn mí ni pé Ògbómọ̀ṣọ́ yìí náà ni T. J. Bowen, míṣọ́nnárì onítẹ̀bọmi, wá tẹ̀dó sí ní 1855. Ní 1858 ni Smithsonian ní Washington tẹ ìwé gírámà àti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá tó kọ. Lẹ́tà òjé ni wọ́n fi ọwọ́ tò, síbẹ̀ wọ́n rí àyè fún àmì. Ẹ̀yin olùkọ́ wa tí ẹ lo ẹ̀rọ táìpù náà kò ṣe ọ̀lẹ. Bí bébà bá ti jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, bírò lẹ fi ń sàmì sí i.

Kì í ṣe pé àwọn ọmọ Yorùbá ò wá nǹkan ṣe sí i o. Túndé Adégbọlá àti Alt-i ní Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn YorubaName gbé tiwọn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Windows fúnra rẹ̀ ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá. Nǹkan wà, àmọ́ ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kò gbọ́ nípa ọ̀kankan rí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí ohun tí a kọ sójú bọ́tìnnì tó máa fi hàn án.

N kì í ṣe ẹlẹ́rọ. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo kọ́ ní Poli. Ṣùgbọ́n Microsoft ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Keyboard Layout Creator, ọ̀fẹ́ ni. Yóò ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù sójú kọ̀ǹpútà, o ó tẹ bọ́tìnnì tó o bá fẹ́, o ó sọ lẹ́tà tí kó máa gbé jáde. Mo rò pé mo gbọ́n. Mo ní Yorùbá kì í lo Q, X àti Z, mo bá fi ẹ, ọ àti ṣ rọ́pò wọn. Ọmọbìnrin náà pariwo: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fọwọ́ kan Q mi o! Quadri ń bọ̀ wá gba káàdì ìgbéyàwó lọ́la. Zainab ńkọ́? Felix ńkọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Mo tún un ṣe. Ẹ di Alt tó wà lápá ọ̀tún mú, kí ẹ tẹ E, ẹ yóò jáde. O di ọ, S di ṣ. Kò sẹ́ni tó máa há a sórí, torí ojú bọ́tìnnì ló ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Àmì ohùn ni mo wá rò jù, nítorí òun ló pọ̀ jù lọ nínú ìwé wa. Tí a bá ní kéèyàn máa tẹ bọ́tìnnì méjì pọ̀ fún un, ọwọ́ á ro ó kó tó dé ìdajì ojú ewé. Àwọn àmì ìkámọ́ onígun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ P, tí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún wa, ni mo fún un. Ti òsì jẹ́ ohùn ìsàlẹ̀, ti ọ̀tún jẹ́ ohùn òkè. "Ẹ̀kọ́" wá di ìtẹ̀ márùn-ún.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ẹ̀rọ táìpù, ẹ dákun, ẹ ṣọ́ra níbí. Lórí àwọn ẹ̀rọ tó ní àmì ohùn, àmì ló máa ń ṣáájú, kí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ní tiwa, lẹ́tà ni kí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀. Kì í ṣe àṣà lásán. Lẹ́tà é lásán ní ààyè kan tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní. Ẹ ni, pẹ̀lú àmì tó gùn ún lórí. Bọ́tìnnì tó ń dúró de lẹ́tà lórí Windows kò lè gbé méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, tí kọ̀ǹpútà mìíràn bá gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, tàbí tó sọ ọ́ di àpótí kékeré, ẹ yí fọ́ǹtì padà, ẹ má pa àmì rẹ́.

Láti padà sí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ di bọ́tìnnì Windows mú, kí ẹ tẹ ọ̀pá gígùn ìsàlẹ̀. Tí fóònù rọrùn jù: ẹ fi Yorùbá kún èdè Gboard yín, ẹ tẹ e mọ́lẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó rí ẹ.

Ní ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, ọmọbìnrin náà lẹ bébà tí mo ya kíbọ́ọ̀dù sí mọ́ abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ti yọ ọ́. Òun ló tẹ ọ̀rọ̀ tí mo ń kà yìí, ó sì bá mi tún àmì mẹ́rin ṣe tí èmi fúnra mi ṣì.

Ètò náà wà nínú fláàṣì lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́. Ẹ mú kọ̀ǹpútà yín wá kí ẹ tó lọ, a ó bá yín fi sí i. A ti tún ọ̀rọ̀ ìrántí Màmá tẹ̀, odidi rẹ̀, tàmìtàmì. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá ni mo mú un lọ fún Bàbá. Wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n kà á sókè láti òkè délẹ̀, wọ́n sì ní kí n fi ẹ̀dà méjì sí i sílẹ̀.