Ẹ Má Fi Oògùn Kan Pamọ́ fún Dókítà
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún wa ní Ọ̀jọ́)

Ẹ kú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Okokomaiko. Alága ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré ni tèmi, nítorí náà mo fẹ́ tètè wọ inú ọ̀rọ̀.

Ẹ rántí pé kògbóògùn la ń pe àrùn tí kòkòrò HIV ń fà. Nígbà tí Fela kú ní 1997, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti, jáde sọ pé éèdì ni, ọ̀pọ̀ wa ò gbà. Ní 2002 ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí pín oògùn rẹ̀, ₦1,000 lóṣù; ní 2006 ó di ọ̀fẹ́. Àmọ́ oògùn ìgbà náà le. Stavudine a máa mú kí ẹsẹ̀ máa ta èèyàn bí abẹ́rẹ́. Efavirenz a máa fa òòyì àti àlákálàá. Lónìí, dolutegravir ló wọ́pọ̀, hóró kan lójúmọ́ pẹ̀lú tenofovir àti lamivudine nínú rẹ̀. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n òun náà ní èèwọ̀.

Ọkùnrin kan, ẹgbẹ́ wa lọ́jọ́ orí, wá sí ṣọ́ọ̀bù oògùn mi ní Ìbà. (Ẹ má wò yíká, kò sí níbí; ó sì yọ̀ǹda kí n sọ ọ́.) Ó ní ìtọ̀ ṣúgà, ó ń lo metformin 500 mẹ́rin lójúmọ́, àmọ́ ìgbẹ́ gbuuru ò jẹ́ kó sinmi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ tún ń lò?" Ó ní, "Kò sí." Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí mo fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ó padà wá. Yábà ló ti ń gba dolutegravir, kí ará Ọ̀jọ́ má baà rí i. Ó ti fẹ́ pa á tì, ó rò pé òun ló ń yọ òun nínú.

Dókítà méjì ló ní, èyí ò mọ̀ nípa oògùn tèkejì. Dolutegravir a máa jẹ́ kí metformin pọ̀ jù lára. Kò yẹ kó kọjá 1,000 mílígíráàmù lójúmọ́. Mo kọ oògùn méjèèjì sínú ìwé kan, ó mú un tọ àwọn méjèèjì lọ. Wọ́n dín metformin kù, inú rẹ̀ rọlẹ̀.

Ẹ gbọ́ ìyókù. Oògùn ẹ̀jẹ̀, kálísíọ́mù àti oògùn inú ríro kì í jẹ́ kí dolutegravir wọ ara dáadáa: ẹ lò ó ní wákàtí 2 ṣáájú wọn, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn wọn. Rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ife a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ni dókítà máa ń ní kí wọ́n lò ó nígbà náà. Bákan náà ni carbamazepine tí onwárápá ń lò. Ẹ sọ fún dókítà. Tí oorun bá dá, ẹ máa lò ó láàárọ̀. Àgbo ńkọ́? Ẹ dárúkọ òun náà. Tí ara bá sú tàbí ojú pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ilé ìwòsàn kíákíá! Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín.

Orúkọ wa ti ń dín kù nínú ìwé ẹgbẹ́. Ẹ kọ gbogbo oògùn yín sínú ìwé kan, kó wà nínú pọ́ọ̀sì. Ẹni tí ojú bá ń tì, kó wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé. Etí mi ni yóò parí sí.

Ọlọ́run yóò jẹ́ ká tún pé ní èèmíì.