Ọkọ̀ Wo Ni Ká Fi Gbé Alùpùpù Lọ sí Ibi Eré Ìje?

  Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kò le, ṣùgbọ́n owó wà nínú rẹ̀, ẹ̀mí sì wà nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà nìyí: bí ènìyàn bá ní alùpùpù tí ó fi ń sáré ìje, ọkọ̀ wo ni yóò fi gbé e dé ibi tí eré náà wà?

Ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín. Yóò ní, "Ohun tó ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, kí ló dé tí ẹ tún ń gbé e pọ̀n? Ṣé ẹ kò lè gùn ún lọ ni?" Ìbéèrè náà dára. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn rẹ̀.

Alùpùpù eré ìje yàtọ̀ sí alùpùpù tí a ń gùn lọ sí ọjà. Púpọ̀ nínú wọn kò ní iná, wọn kò ní jígí, wọn kò sì ní nọ́ńbà. Irú èyí kò yẹ ní ojú títì. Táyà tí wọ́n ṣe fún ẹrẹ̀ àti iyanrìn yóò tètè jẹ lórí ọ̀dà. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tí ó bá gun alùpùpù ní ọ̀nà jíjìn ti rẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Bí ó bá sì ṣubú nínú eré, tí hándù tẹ̀, tí òun náà fi ẹsẹ̀ pa, kí ni yóò gùn wá sílé? Nítorí náà, ẹni tí ń sáré ìje gbọ́dọ̀ ní ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ, tí yóò sì gbé e bọ̀.

Ẹ wo eré ìje ńlá kan tí ó wá sí ilẹ̀ Áfíríkà wa níhìn-ín. Ní oṣù December 1978, àwọn kan gbéra láti Paris ní ilẹ̀ Faransé. Wọ́n la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá, wọ́n sì dé ìlú Dakar ní ilẹ̀ Senegal ní oṣù January 1979. Cyril Neveu ni ó gba ipò kìíní, alùpùpù Yamaha ni ó sì gùn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni eré náà fi ń parí sí Dakar kí wọ́n tó gbé e kúrò ní Áfíríkà ní 2009. Àwọn tí ń wòran, alùpùpù tí ń sáré ni wọ́n ń wò. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ akẹ́rù ń bẹ tí ń ru táyà, irinṣẹ́ àti àwọn mẹkáníìkì kiri. Iṣẹ́ tí ojú kò rí ni ó ń gbé èyí tí ojú ń wò ró.

Ní Èkó tiwa, ìdí mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù June 2022, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ọ̀kadà akérò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ 6. Sùúrùlérè wà nínú wọn, Lagos Mainland tí Yábà jẹ́ tirẹ̀ náà sì wà nínú wọn. Ní ọjọ́ kìíní oṣù September ọdún kan náà, wọ́n fi Muṣin kún un. Alùpùpù eré ìje kì í ṣe ọ̀kadà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gun alùpùpù tí kò ní nọ́ńbà jáde ní àdúgbò wọ̀nyí, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ń fa wàhálà. Ó sàn ká gbé e.

Ó dáa. A ti gbà pé a ó gbé e. Ọkọ̀ wo wá ni? Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ara yín kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Èkíní: ǹjẹ́ ọkọ̀ náà gbà á? Èkejì: ǹjẹ́ a lè tì í gòkè láìṣe ara wa léṣe? Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ ibi tí a ó so ó mọ́ wà nínú ọkọ̀ náà? Ẹ̀kẹta yìí ni baba gbogbo wọn. Ọkọ̀ lè tóbi, ó lè dán, owó rẹ̀ sì lè kéré. Bí kò bá ti ní ibi tí a ó so ẹrù mọ́, kì í ṣe ọkọ̀ alùpùpù.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kọ, ibí yìí ni ìwé ti wúlò. Ẹ mú tépù, ẹ mú bébà àti pẹ́ńsù. Ẹ wọn gígùn alùpùpù yín láti táyà iwájú dé táyà ẹ̀yìn. Ẹ wọn fífẹ̀ hándù rẹ̀. Ẹ wọn gíga rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Alùpùpù máa ń gùn tó nǹkan bíi mítà 2. Ní ti ìwúwo, àpò sìmẹ́ńtì kan jẹ́ kílò 50. Ọ̀pọ̀ alùpùpù wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì 2 lọ, àwọn ńlá sì lè tó àpò 4. Bí ẹ bá ti kọ èyí sílẹ̀, ẹ mú tépù kan náà lọ sí ìdí ọkọ̀ tí ẹ fẹ́ rà tàbí tí ẹ fẹ́ háyà. Ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Ojú a máa tan ènìyàn jẹ, ṣùgbọ́n tépù kì í purọ́.

Ẹ jẹ́ ká mú àwọn ọkọ̀ náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni píkọ́ọ̀pù. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀, èyí sì mú kó rọrùn láti ti alùpùpù wọ̀ ọ́. Òórùn epo kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń wa ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Píkọ́ọ̀pù tí ó ní ìlẹ̀kùn 4, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í sábà gùn ju mítà 1 àbọ̀ lọ. Alùpùpù mítà 2 kò lè wọ inú rẹ̀ tán; àfi kí a ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀, kí táyà ẹ̀yìn wà lórí rẹ̀. Èyí tí ó ní ìlẹ̀kùn 2 ni ẹ̀yìn rẹ̀ ń gùn ju mítà 2 lọ. Òjò ń pa ẹrù inú píkọ́ọ̀pù, ojú sì ni gbogbo ènìyàn fi ń rí i. Bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ bá dá yín dúró ní Òṣòdì lálẹ́, ẹ ó máa bojú wẹ̀yìn.

Èkejì ni bọ́ọ̀sì tí a yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò, irú àwọn tí wọ́n fi ń ṣe dánfó. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ga púpọ̀. Ó ní òrùlé, ó ní kọ́kọ́rọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú sí yín ní ibi eré, ẹ lè sùn sínú rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé òórùn epo yóò wà nínú ọkọ̀, nítorí náà fèrèsé gbọ́dọ̀ ṣí, kí ẹnikẹ́ni má sì mu sìgá níbẹ̀. Àléébù kejì ni pé ibi tí a ó so okùn mọ́ kì í sábà sí. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà jó òrùka mọ́ páànù fẹ́ẹ́rẹ́ lásán. Ihò tí bóòtù àga wà tẹ́lẹ̀ ni ó lágbára. Ibẹ̀ ni kí ẹ fi òrùka irin sí.

Ẹ̀kẹta ni tírélà kékeré tí a ń so mọ́ ẹ̀yìn mọ́tò. Ó lọ sílẹ̀, ó rọrùn láti ti alùpùpù gun orí rẹ̀, mọ́tò yín kò sì ní dọ̀tí. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n wà, kó má dán an wò ní Ìdí-Òrò tàbí ní Lawanson ní ọjọ́ ọjà. Bí ẹ bá fẹ́ fà sẹ́yìn, apá òdì ni yóò máa yà sí. Bí ẹrù bá sì pọ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀ jù, yóò máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ìrù ẹja lójú ọ̀nà. Iná ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa tàn pẹ̀lú.

Ẹ̀kẹrin ni kòrópe. Owó háyà rẹ̀ kì í pọ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kéré, ara rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n dáadáa kí ẹ tó sọ pé ó gbà á.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí bọ́lẹ̀kájà ayé àtijọ́. Pákó ni wọ́n fi kan ara rẹ̀, ènìyàn àti ẹrù a sì jókòó pọ̀. Ìgbà yẹn ti lọ, àṣà yẹn náà kò yẹ kó padà wá. Ibi tí alùpùpù bá wà nínú ọkọ̀, ènìyàn kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀.

Ní ti títì í gòkè, ẹ wá pákó tó nípọn, tí kò ní ìdin. Ẹ wọn gíga ẹ̀yìn ọkọ̀ sílẹ̀; kí pákó náà gùn tó ìlọ́po 3 gíga yẹn. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 80, kí pákó gùn tó mítà 2 àbọ̀. Pákó kúkúrú ga ju bó ti yẹ lọ, ìsàlẹ̀ alùpùpù yóò sì kọlu etí ọkọ̀. Ẹ so orí pákó mọ́ ọkọ̀ kí ó má baà yọ̀. Kí ènìyàn 3 ṣe é: ẹnì kan ní hándù, ẹnì kan ní ọ̀tún, ẹnì kan ní òsì. Ẹ má tan ẹ́ńjìnnì. Ẹ tì í ni.

Nígbà tí ó bá ti wọlé, dírẹ́bà lè wí fún yín pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká dá a dùbúlẹ̀ jàre, kò ní ṣubú mọ́." Ẹ dá a lóhùn pé, "Àbúrò, o ṣeun, ṣùgbọ́n bí a bá dá a dùbúlẹ̀, epo lè máa jò, omi bátìrì lè dà, hándù náà sì lè tẹ̀. Ìdúró ni kó dúró." Bí ó bá tún ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí bọ́yì mi jókòó tì í, kó máa dì í mú," ẹ má gbà o. Ohun tí ó wúwo ju àpò sìmẹ́ńtì 2 lọ, ọwọ́ ènìyàn kò lè dá a dúró bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì. Ọmọ ọlọ́mọ ni bọ́yì náà.

Báyìí ni kí ẹ ṣe so ó. Ẹ gbé táyà iwájú ti ògiri iwájú ọkọ̀, kí hándù dúró gán-án. Ẹ ti epo pa. Ẹ fi sí jíà kìíní. Ẹ lo bẹ́líìtì 4 tó lágbára, irú èyí tí a ń fi irin fà le. Ẹ so 2 mọ́ ọrùn hándù, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, kí ẹ fà wọ́n síwájú àti sísàlẹ̀ títí ṣọ́ọ̀kì yóò fi rì díẹ̀. Ẹ so 2 yòókù mọ́ irin ara rẹ̀ lẹ́yìn. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sítáńdì. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé rọ́bà táyà tí a fi ń di ẹrù. Ó ń fà, ohun tí ó bá sì ń fà kò lè mú alùpùpù dúró. Bí ẹ bá ti rìn bí ìṣẹ́jú 10, ẹ dúró sí ibi tí ó yẹ, kí ẹ tún un yẹ̀ wò. Kòtò ojú ọ̀nà a máa tú ohun tí a rò pé ó le. Ẹ rí i pé ó le kí ẹ tó bọ́ sí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn.

Ẹnì kan lè sọ pé a ń pariwo jù lórí okùn. Ẹ jẹ́ ká rán a létí Ojúẹlẹ́gba. Ní oṣù September 2015, kọ̀ntẹ́nà já bọ́ láti orí afárá ibẹ̀ lé mọ́tò kan, ènìyàn 3 sì kú. Ní ọjọ́ 29 oṣù January 2023, kọ̀ntẹ́nà mìíràn tún ṣubú níbẹ̀ lé bọ́ọ̀sì akérò. Ènìyàn 9 ni ó kú. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí ó ni ẹrù náà. Ọ̀nà tiwọn ni wọ́n ń lọ. Alùpùpù kò tó kọ̀ntẹ́nà, ṣùgbọ́n èyí tí ó bá bọ́ láti ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù sí iwájú ẹlòmíràn ní Ìkòròdú Road lè pa ènìyàn. Ẹrù tí a gbé sórí ọkọ̀, tiwa ni títí yóò fi sọ̀kalẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Láti ìgbà tí Ààrẹ Tinubu ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù May 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo pẹtiróòlù ti gbówó lórí gidigidi. Ẹ má ra ọkọ̀ ńlá nítorí eré tí ẹ ń lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀ lórí bébà: owó ọkọ̀, owó epo, owó táyà, owó ìwé ọkọ̀, owó mẹkáníìkì. Ẹ kọ owó háyà sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ẹ wo èyí tí ó kéré. Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ ra èyí tí yóò máa ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, tí yóò sì gbé alùpùpù ní ọjọ́ Sátidé. Ní ojú tiwa, bọ́ọ̀sì tí a yọ àga rẹ̀ tàbí píkọ́ọ̀pù ìlẹ̀kùn 2 ni ó bá oníṣòwò Muṣin mu jùlọ. Ọkọ̀ tí kò bá lè bọ́ ara rẹ̀, yóò jẹ owó alùpùpù mọ́ ọn.

Ní ìparí, ẹ fi mẹ́ta yìí sọ́kàn: ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ tì í gòkè pẹ̀lú ẹ̀sọ̀, ẹ so ó le. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó bá gba ife-ẹ̀yẹ ní ibi eré ti ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó dé ilé láyọ̀, tí àwọn tí ó bá pàdé lọ́nà náà dé ilé tiwọn láyọ̀, òun gan-an ni ó borí.