Igi, Òjò àti Èèrà nínú Ìtàn Ìdílé Buendía

Igi ńlá kan wà ní àgbàlá ilé àwọn Buendía, nínú ìtàn àròsọ tí Gabriel García Márquez, ọmọ ilẹ̀ Kòlóńbíà, tẹ̀ jáde ní ọdún 1967, èyí tí a mọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sí One Hundred Years of Solitude. José Arcadio Buendía, ẹni tí ó tẹ ìlú Macondo dó, ni wọ́n so mọ́ igi náà nígbà tí orí rẹ̀ dàrú. Ọdún púpọ̀ ni ó fi wà níbẹ̀ nínú òjò àti oòrùn. Nígbà tí ó tilẹ̀ kú tán, ẹ̀mí rẹ̀ kò kúrò ní ìdí igi. Ọmọ rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Aureliano, ẹni tí ó ja ogun 32 tí kò ṣẹ́gun nínú ẹyọ kan, rìn lọ sí ìdí igi kan náà ní ọjọ́ ogbó rẹ̀ láti tọ̀. Ó fi orí ti ara igi, ó sì kú. Úrsula ìyá rẹ̀ a máa rí baba náà níbẹ̀, a sì máa bá a sọ̀rọ̀. Kọ́nẹ́ẹ̀lì kì í rí i.

Àwọn òǹwòran tí ó ti ka ìwé náà yóò rántí bí orúkọ ṣe ń dà wọ́n láàmú. José Arcadio bí José Arcadio. Aureliano tẹ̀ lé Aureliano. Úrsula tilẹ̀ ṣàkíyèsí pé àwọn Aureliano a máa jẹ́ ẹni tí ń dá wà tí ó sì ń ronú, tí àwọn José Arcadio a sì máa jẹ́ alágbára tí kì í ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí Yorùbá tí ń sọ ọmọ ní Babátúndé àti Ìyábọ̀. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ọkàn sí. Ní ilé Yorùbá, oríkì a máa bá orúkọ rìn, oríkì a sì máa sọ ohun tí baba ńlá ṣe, ìbáà jẹ́ rere, ìbáà jẹ́ èyí tí ń tini lójú. Orúkọ nìkan ni àwọn Buendía ń jogún. Ẹni tí ó ń jẹ́ ẹ kò mọ ìtàn inú rẹ̀, nítorí náà ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ni ó máa ń kọ ọ́ nínú ìdánwò pé àyànmọ́ ni ó ń lé ìdílé yìí, pé igi, òjò àti èèrà jẹ́ ìránṣẹ́ àyànmọ́ náà. Ìdáhùn yẹn yá jù. Òjò inú ìwé náà ni kí a fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1928, àwọn ọmọ ogun Kòlóńbíà yìnbọn fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ United Fruit Company, ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n daṣẹ́ sílẹ̀ ní oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ní ìlú Ciénaga. Aracataca tí a ti bí Márquez ní 1927 kò jìnnà sí ibẹ̀. Iye àwọn tí ó kú ṣì jẹ́ àríyànjiyàn láàrin àwọn òpìtàn. Nínú ìwé náà, ó lé ní 3,000. (Kí olùkọ́ má ṣe fi iye yẹn kọ́ni gẹ́gẹ́ bí òótọ́ ìtàn, iye inú àròsọ ni.) José Arcadio Kejì jí láàrin òkú nínú ọkọ̀ ojú irin tí ó ń kó wọn lọ sí òkun, ó bẹ́ sílẹ̀, ó fẹsẹ̀ rìn padà sí Macondo. Gbogbo ẹni tí ó sọ ọ́ fún ní kò sí òkú kankan. Ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé pàápàá, irọ́ náà ni ó gbè lẹ́yìn.

Ìgbà náà ni òjò dé, òjò ọdún mẹ́rin, oṣù mọ́kànlá àti ọjọ́ méjì. Ọjọ́ ti pẹ́ tí òjò ti rọ̀ kẹ́yìn nígbà tí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ìgbà tí òjò bá dá ni òun yóò tó buwọ́ lùwé àdéhùn pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́. Bí ó ti wí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣú. Ẹni tí ó bá ka ibẹ̀ dáadáa yóò rí i pé kì í ṣe àyànmọ́ ni ó pàṣẹ òjò yìí. Ó wúlò fún àwọn kan. Ó fọ ẹ̀jẹ̀, ó sọ oko di ẹrẹ̀, nígbà tí ó sì dá, ilé-iṣẹ́ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Òjò jẹ́ ẹlẹ́rìí, ó sì tún ń bá ọ̀daràn nu ilẹ̀. Ibi tí agbára ìwé náà wà nìyẹn, kì í ṣe nínú àwọn labalábá aláwọ̀ ìyeyè tí gbogbo ènìyàn fẹ́ràn láti máa tọ́ka sí.

Nǹkan kékeré kan wà tí òǹkàwé lè fò kọjá. José Arcadio Buendía gbin igi fúrúùtù sí ojú pópó Macondo nígbà tí ìlú ṣì jẹ́ tuntun. Àwọn igi náà pẹ́ kọjá rẹ̀, eruku bò wọ́n, ẹ̀ka wọn dá. Wọ́n ṣì dúró, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ ẹni tí ó gbìn wọ́n mọ́.

Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rù ìrù ẹlẹ́dẹ̀ ti wà nínú ilé náà, nítorí pé ìbátan ni Úrsula àti ọkọ rẹ̀, a sì ti bí ọmọ onírù rí nínú ẹbí. Úrsula fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kìlọ̀. Ìkìlọ̀ náà bá a wọ sàréè. Fernanda, ìyàwó ilé, ní tirẹ̀, fi ìbí Aureliano kan pamọ́ nítorí ìtìjú, ó ní inú apẹ̀rẹ̀ ni a ti rí i. Nípa bẹ́ẹ̀ ni ọmọkùnrin náà fi fẹ́ Amaranta Úrsula, àbúrò ìyá rẹ̀, láìmọ̀. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìrù. Èèrà pupa, tí Úrsula ti fi ìgbálẹ̀ àti oògùn lé sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, rí ilé tí ẹnikẹ́ni kò tọ́jú mọ́, wọ́n wọlé, wọ́n sì wọ́ òkú ọmọ náà lọ sí ihò wọn. Baba rẹ̀ jókòó ti ìwé àfọwọ́kọ àtijọ́ tí Melquíades fi sílẹ̀, ó ń wá orúkọ ìyá tí ó bí òun, nígbà tí ìjì ti ń fa ilẹ̀kùn àti fèrèsé tu lẹ́yìn rẹ̀.